Alága Tí Kò Jẹ́ Kí Àgbà Jókòó

Ìgbéraga kì í hù lójú ẹni lọ́jọ́ kan. Bí irun imú ló rí: ẹni tó ni ín kì í rí i, àwọn tó jókòó dojú kọ ọ́ ló ń rí i lójoojúmọ́, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Alága ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí ìtàn yìí dá lé lórí.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọnù sẹ́yìn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú eré tí à ń sọ. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a. Ènìyàn márùn-ún á kojú ènìyàn márùn-ún. Wọ́n á máa lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, wọ́n á máa sáré, wọ́n á máa fò, títí ẹnì kan á fi ráyè jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́ sókè. Àwọn ìyókù á jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n á máa retí. Bó bá rẹ ẹnì kan, kóòṣì á pè é jáde, á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Bó bá sinmi tán, ó tún lè padà wọlé. Ṣé ó yé wa? Kò sí ìtìjú kankan nínú ìjókòó. Eré náà ò lè lọ bí àwọn kan ò bá máa sáré kí àwọn kan sì máa mí. Kò sẹ́ni tí èyí ò yé nínú ẹgbẹ́ náà, àfi Alága.

Ọkùnrin náà kò burú. Ó yẹ ká sọ èyí ní kùtùkùtù, nítorí a ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé ìparí, kò sì dára ká fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ láì kọ́kọ́ sọ ohun rere kan nípa rẹ̀. Nígbà tí òjò ń wọ ilé ìṣeré tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń yọ̀ ṣubú bí ẹni tó tẹ ọṣẹ, òun ló sáré sókè sódò tí wọ́n fi tún òrùlé ṣe. Ìlú kí i kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún òrùlé ṣe lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá kí i jù, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun ló ń dá òjò dúró.

Láti ọjọ́ náà ni oríkì ti ń gun oríkì. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, alukoro gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kó sì kéde pé: “Alága Àgbà ti wọlé! Agbátẹrù Eré! Baba Gbogbo Agbábọ́ọ̀lù! Òrùlé Tí Kì Í Jò!” Alága á sì máa rìn wọlé lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà dé ibi àga kí oríkì tó tán. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ àlejò tí wọ́n ti na ara wọn tán fún eré, ara wọn á tún le. Kóòṣì wọn á ní kí wọ́n tún un nà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló máa ń tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ tí wọ́n gba Akọ̀wé fún ni pé kó máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ nípàdé. Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni pé kó máa mi orí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fi ń jẹun: “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, sà.” Lọ́jọ́ kan Alága kàn húkọ́ ni, Akọ̀wé ti mi orí.

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, sà.”

“N kò tíì sọ nǹkan kan.”

“Mo mọ̀, sà. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀ ni mo ti ń wò.”

Irú ènìyàn méjì báyìí ni Kóòṣì wọlé bá ní ọ́fíìsì. Obìnrin gíga kan ni Kóòṣì, fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í tan ara rẹ̀ jẹ. Ẹgbẹ́ ti ń fìdí rẹmi léraléra nínú líìgì, bí nǹkan bá sì ń lọ báyìí, wọn yóò já sí ìpele ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ tó lanu.

“Ẹ kú ìjókòó, sà,” ló wí. “N ò ní pẹ́. Orúnkún Òpó ti wú. Kánkán ò lè sáré lọ sáré bọ̀ mọ́. Mo fẹ́ kí àwọn àgbà máa gbá díẹ̀ kí wọ́n máa sinmi díẹ̀, kí àwọn ọmọ náà máa wọlé. Ẹgbẹ́ ìlú kejì ti ń wá Tata. Ọmọ náà ní bí òun bá ń rí eré gbá níbí, òun ò lọ síbì kankan. Bí kò bá rí i, ó ń lọ nìyẹn.”

Ẹ jẹ́ ká mọ àwọn tó dárúkọ. Òpó ni ọ̀gá láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù, òun ló gba ife ẹ̀yẹ wálé fún wọn lọ́jọ́sí. Ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, èyí tí kì í ṣe ọjọ́ orí kankan níbòmíràn, ṣùgbọ́n ní ìdí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, arúgbó ni. Kánkán ni ojúgbà rẹ̀. Ìgbà èwe ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ náà, kò sì sẹ́ni tó rántí gbà á padà. Tata ní tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ogún ọdún, ó sì máa ń fò bí ẹni pé ilẹ̀ gbóná.

Alága fẹ̀yìn ti àga. “Kóòṣì, ṣé o gbọ́ òwe?”

“Mo gbọ́ díẹ̀, sà.”

“Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun ó wọ́. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?”

“Pé kí àgbà máa tọ́ ọmọdé sọ́nà ni, sà.”

“Rárá o. Ó túmọ̀ sí pé àgbà gbọ́dọ̀ wà lọ́jà! Bí o bá yọ Òpó kúrò nínú eré, ta ló kù lọ́jà?”

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, sà,” ni Akọ̀wé wí.

Ẹ má jẹ́ kó dàrú mọ́ yín lójú. Òwe náà kò sọ pé kí àgbà máa sáré kiri inú ọjà láìdúró. Ṣùgbọ́n bí òwe bá bọ́ sọ́wọ́ alágbára, ohun tó bá fẹ́ ló ń fi í gbẹ́.

“Bí ọmọdé bá sì ní aṣọ bí àgbà,” Alága tún tẹ̀ síwájú, “kò lè ní àkísà bí àgbà.”

“Òótọ́ ni, sà,” ni Kóòṣì fèsì. “Orúnkún Òpó gan-an ti di ọ̀kan nínú àkísà náà.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Akọ̀wé, ó yára sọ ọ́ di ikọ́. Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó so bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó sì gbé òfin tuntun kalẹ̀ níbẹ̀, ó pè é ní Òfin Ọ̀wọ̀ Àgbà. Èkíní, kóòṣì kankan kò gbọdọ̀ yọ àgbà kúrò nínú eré àfi bí àgbà náà bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó rẹ òun, tí Alága sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Èkejì, gbogbo àgbà agbábọ́ọ̀lù ti di ọmọ ẹgbẹ́ tó ń dìbò, títí ọjọ́ ayé wọn. Àwọn ọ̀dọ́ kò ní ìbò; kí wọ́n kọ́kọ́ dàgbà ná.

Kóòṣì mú ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó tún yíjú padà. “Sà, bí Tata bá lọ, àwọn tó kù á tẹ̀ lé e. Lọ́dún tó ń bọ̀, ta la fẹ́ fi gbá bọ́ọ̀lù?”

“Ọdún tó ń bọ̀ á bójú tó ara rẹ̀,” ni Alága wí.

Apá èkejì òfin yẹn ni Alága fẹ́ràn jù. Ní òpin sáà ni ẹgbẹ́ máa ń yan alága, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan sì ti ń kùn: onímọ́tò kan, olùkọ́ kan, obìnrin tó ni ilé ìtajà oògùn. Bí a bá da ìbò àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù pọ̀, ó tó láti bo kíkùn wọn mọ́lẹ̀. Ohun kan sì tún wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ lọ́jọ́ kan tí òǹwòran kan ń sọ nípa Òpó pé, “Ó gbìyànjú ní tirẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìgbà ti kọjá.” Ọ̀rọ̀ náà wọ Alága lára bí òtútù. Ó wẹ̀yìn, kó lè mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń wò.

Wọ́n dán òfin náà wò nínú eré tó tẹ̀ lé e. Kánkán sáré títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó rìn dé iwájú Alága, ó sì sọ gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí: “Sà, ó rẹ̀ mí.”

Alága dìde. Ó ní kí wọ́n dá eré dúró. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ alukoro.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ló bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, “ẹ dìde dúró. Ọ̀kan nínú àwọn akọni wa ló ń fi wá sílẹ̀ yìí. Kánkán! Kánkán tó sáré lórí ilẹ̀ yìí bí àgbọ̀nrín! Kánkán tí kì í bínú, tí kì í ṣépè, tí kì í jẹ ẹja láìfún aládùúgbò!”

“Sà,” ni Kánkán wí jẹ́jẹ́, “omi lásán ni mo fẹ́ mu.”

“Ó ń béèrè omi!” ni Alága ké sínú ẹ̀rọ náà. “Títí dé òpin, kò béèrè ju omi lọ! Irú ènìyàn wo ni a ó tún rí bẹ́ẹ̀?”

Àwọn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láàárín àwọn òǹwòran. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà. Ọ̀rọ̀ náà gùn débi pé nígbà tí Kánkán fi ráyè mu omi, ó ti sinmi tán, kò sì mọ̀ bóyá ó tọ́ kí òun padà wọlé lẹ́yìn irú ìdágbére bẹ́ẹ̀. Nígbà tó délé, ó bá aládùúgbò méjì lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń tu ìyàwó rẹ̀ nínú. Àna rẹ̀ ti fóònù láti béèrè ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sin ín. Kánkán fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn.

Ṣé ẹ rí àṣìṣe tó wà níbẹ̀? Òfin ní kí àgbà sọ pé ó rẹ òun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ṣe ìdárò rẹ̀ lójú ayé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí àgbà kan tó tún rẹ̀ mọ́. Alága ń rí wọn tí wọ́n ń mí gúlegúle, ó sì ń sọ fún Akọ̀wé pé, “O ò rí i? Láti ìgbà tí mo ti ṣòfin yìí, agbára wọn ti pọ̀ sí i.”

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, sà.”

Bí wọ́n ti ń fìdí rẹmi lọ nìyẹn. Àwọn òǹwòran tí wọ́n máa ń kígbe tẹ́lẹ̀ wá ń gbani nímọ̀ràn. “Ẹ rọra o, bàbá, ilẹ̀ ń yọ̀!” “Ẹ bá wọn wá ọ̀pá!” “Òpó, ṣé o ti lo oògùn rẹ?” Lórí bẹ́ńṣì, Tata jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ara rẹ̀ yá, kò sí ibi tó máa lò ó.

“Sọ pé ó rẹ̀ ọ́,” ni Kóòṣì ń bẹ Òpó létí pápá lọ́jọ́ kan. “Ẹnu lásán ni. Sọ ọ́, kí n lè fi ọmọ yìí rọ́pò rẹ.”

“Mà, ìyá mi wà níjòókòó lọ́hùn-ún,” ni Òpó fèsì. “Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà. Ṣé ẹ fẹ́ kó gbọ́ ìdárò mi nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni?”

Nílé, ìyàwó Alága ń gé ẹ̀fọ́ lórí tábìlì. Ọkọ rẹ̀ dúró níwájú dígí, ó ń fi ọ̀rọ̀ tó máa sọ lọ́jọ́ eré ìkẹyìn dánra wò. Eré yẹn ló máa pinnu bóyá ẹgbẹ́ á já bóyá kò ní já.

“Baba Ìbejì,” ni ìyàwó wí, “mo pàdé ìyá Òpó. Ó ní ẹ̀yìn lọmọ òun ń fi sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn báyìí.”

“Ìrẹ̀lẹ̀ nìyẹn. Àwọn akọni tòótọ́ kì í ṣe fáàrí.”

“Orúnkún ni, kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó.”

“Bí mo bá jẹ́ kó jókòó, kí ni aráyé á sọ?”

“Wọ́n á ní ó jókòó.”

Alága yí padà kúrò níwájú dígí. “Ẹ̀yin obìnrin ò mọ ọ̀rọ̀ olórí. Bí ènìyàn bá ti jókòó, tí eré sì ń lọ láìsí i, tí wọ́n tún wá lọ borí...” Kò parí rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí kò fẹ́ wọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Òpó lẹ ń sọ àbí ẹlòmíràn?”

“Òpó ni,” ni Alága wí, ó sì padà sí ìwájú dígí.

Ọjọ́ eré ìkẹyìn pé. Ilé ìṣeré kún dé ẹnu ọ̀nà. Kí gbogbo ènìyàn lè rí i dáadáa, Alága ti pàṣẹ pé kí wọ́n gbé àga rẹ̀ sí etí pápá, àga náà sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí àyè fún bẹ́ńṣì mọ́. Wọ́n gbé bẹ́ńṣì jáde. Tata àti àwọn ọ̀dọ́ yòókù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Alága. Ní òkè, ọkùnrin méjì láti ẹgbẹ́ ìlú kejì jókòó, ìwé àdéhùn Tata wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti ní kó fọwọ́ sí i bí eré bá ti tán.

Nígbà tí eré fi dé ìdajì, àwọn àlejò ti fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn jìnnà. Òpó gba bọ́ọ̀lù, ó fẹ́ yí, orúnkún rẹ̀ sì dún. Ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó sábẹ́ apẹ̀rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó wà ní pálọ̀.

Àwọn òǹwòran dìde kí wọ́n lè rí i.

“Òpó!” ni Alága pè. “Ṣé ó rẹ̀ ọ́ ni?”

“Rárá, sà.”

“Kí lo wá ń ṣe nílẹ̀?”

“Mo jókòó ni, sà.”

“Bí kò bá rẹ̀ ọ́, dìde!”

“Sà, òfin yín ò ní kí n dìde. Ó ní bó bá rẹ̀ mí kí n sọ. Kò rẹ̀ mí.”

Kánkán wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ronú díẹ̀, ó sì lọ jókòó tì í. “Èmi náà kò rẹ̀ mí,” ló wí, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ fóònù àna rẹ̀. Ẹ̀kẹta jókòó, ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún. Wọ́n tò jókòó bí ìdílé tó ń ya fọ́tò. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ lórí wọn, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú.

Rẹfirí, adájọ́ eré, sún mọ́ wọn. Ẹni tí kì í fi òfin ṣeré ni. “Nínú ìwé tèmi,” ló wí, “agbábọ́ọ̀lù tó bá wà nílẹ̀ tí kò dìde, ó farapa. Ẹni tó bá farapa, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.”

“Kò sọ pé ó rẹ òun!” ni Alága ké.

“Sà, n ò bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́. Ó wà nílẹ̀.”

Alága nawọ́ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìtàn ẹgbẹ́ láti ìgbà tí òrùlé ti ń jò. Kóòṣì wo ẹnu rẹ̀, ó wo aago ara ògiri, ó sì fi fèrè sẹ́nu. “Tata! Ẹ̀yin mẹ́rin yẹn! Ẹ wọlé!”

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ nípa àwọn ọ̀dọ́ náà, nítorí àwọn kan á fẹ́ gbọ́ pé bí wọ́n ti wọlé báyìí ni iná sọ. Rárá. Wọ́n sáré bí ewúrẹ́ tí wọ́n tú lókùn. Wọ́n gba bọ́ọ̀lù, wọ́n sọ ọ́ nù. Tata fò sókè kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n lé àwọn àlejò bá, wọ́n tún jẹ́ kí wọ́n já lọ. Agbára wọn pọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ fún un ibi tó máa gbà.

Òpó jókòó sí etí pápá, yìnyín wà lórí orúnkún rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó pe Kóòṣì. “Mà, mo ti sinmi. Ẹ jẹ́ kí n wọlé fún ìgbà tó kù. N ò ní sáré. Màá kàn dúró sáàárín.”

Bó ṣe rí nìyẹn. Òpó dúró sáàárín bí ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀. Bọ́ọ̀lù á dé ọwọ́ rẹ̀, òun á wo ọ̀tún, á jù ú sósì, níbi tí Tata kò tíì dé. Tata á sì dé ibẹ̀. “Má wo bọ́ọ̀lù,” ni Òpó ń sọ fún un, “wo àyè!” Àgbà ń rí i, ọmọdé ń bá a, títí wọ́n fi lé wọn bá. Nígbà tí fèrè ìkẹyìn kù díẹ̀, Òpó gbé bọ́ọ̀lù sókè gíga bí ẹni tó ń gbé nǹkan sórí àjà. Tata fò kọjá orí gbogbo ènìyàn, títí kan ti Òpó, ó sì tì í wọlé. Apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo yìí ni wọ́n fi borí.

Ilé ìṣeré mì tìtì. Alága ń sọ̀rọ̀ títí di àsìkò yìí, ṣùgbọ́n alukoro ti yọ wáyà ẹ̀rọ náà láti ìgbà tó ti pẹ́, nítorí kò gbọ́ ohun tí Kóòṣì ń sọ.

Olóye ènìyàn ì bá ti rẹ́rìn-ín kó sì bá wọn jó. Alága kò lè sùn. Ó ń rí àgbà márùn-ún tó jókòó, ó sì ń rí eré tó ń lọ láìsí wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti ránṣẹ́ pe Akọ̀wé, ó sì ka ẹ̀sùn sílẹ̀. Pé Tata wọ inú eré láìgba àṣẹ. Pé ó fò kọjá orí àgbà ní gbangba. Ìjìyà rẹ̀ ni pé kó jókòó lódindi sáà tó ń bọ̀, kó lè kọ́ sùúrù. Kóòṣì ní tirẹ̀ kò ní iṣẹ́ mọ́. Ìpàdé gbogbogbò ni yóò fọwọ́ sí i, ìpàdé yẹn kan náà tí wọ́n ti máa yan alága.

“Sà,” ni Akọ̀wé wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀, “ọmọ náà ló jẹ́ ká borí.”

“Kí lo wí?”

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, sà.”

Níjọ́ ìpàdé, ọkọ̀ ẹgbẹ́ ìlú kejì ti dúró síta, wọn ò tíì pa ẹ́ńjìnnì. Tata ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ òun máa já sí ná. Ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn; kò ní ìbò, kò sì ní ìjókòó. Alága sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ lórúkọ ẹgbẹ́, ó sì ní kí Akọ̀wé ka ẹ̀sùn. Ó wo ìlà iwájú níbi tí àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù jókòó sí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ìbò rẹ̀.

Òpó nawọ́. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó di ẹ̀yìn àga mú.

“Ẹ fún wa ní ìbò, sà. A dúpẹ́,” ló wí. “Nígbà tí mo dé ẹgbẹ́ yìí, mo kéré sí Tata. Ẹ̀gbọ́n kan wà nípò tí mo fẹ́. Lọ́jọ́ kan ó pè mí, ó ní, ‘Wá dúró síbi tí mo dúró sí, màá máa wò ọ́.’ Ó lọ jókòó. Bí kò bá jókòó lọ́jọ́ yẹn ni, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ mí nínú ilé yìí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń retí ọjọ́ tí èmi náà máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan. Iṣẹ́ àgbà nìyẹn. Òun lẹ gbà lọ́wọ́ mi, ẹ wá ní ẹ ń bọ̀wọ̀ fún mi.”

“Òpó!” Alága fọwọ́ lu tábìlì. “Èmi ni mo sọ ọ́ di ẹni tó ń dìbò!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo sì fẹ́ dì í.”

Obìnrin tó ni ilé ìtajà oògùn ní kí àwọn tó fẹ́ kí Alága máa bá iṣẹ́ lọ nawọ́ sókè. Alága nawọ́ tirẹ̀. Ọwọ́ Akọ̀wé gbéra, ó dé ìwọ̀n èjìká, ó dúró níbẹ̀, ó wo ìlà iwájú, ó sì yà lọ họ etí. Obìnrin náà ní kí àwọn tí kò fẹ́ nawọ́. Ìlà iwájú nawọ́ lápapọ̀, onímọ́tò nawọ́, olùkọ́ nawọ́, títí tí kò fi sí ẹni tí Alága lè wò lójú.

Ó dìde. Ó kó ìwé rẹ̀, ó sì jáde.

“Ó dáa,” ni Òpó wí, “ẹ jẹ́ ká da ẹ̀sùn ọmọ yìí nù, kí Kóòṣì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ alága tuntun á dọ̀la.”

Akọ̀wé kọjú sí àga olórí, ó mi orí. “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, sà,” ló wí. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀.

Ní ìta, Tata bá àwọn ọkùnrin méjì náà sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé ọkọ̀, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ọkọ̀ náà sì lọ láìgbé e.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Baba Ìbejì (orúkọ tó kù fún un nìyẹn) gba ilé ìṣeré kọjá ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun fẹ́ wo bóyá òrùlé ṣì dára. Inú pápá ń gbóná fún ìdánrawò. Òpó jókòó sórí àga onírọ́bà kan létí ìlà, ó ń kígbe pé, “Àyè! Mo ní kó o wo àyè!” Bó bá yá, á dìde, á gbá díẹ̀, á tún padà wá jókòó. Kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sunkún.

Bọ́ọ̀lù kan já, ó yí gbirigbiri wá sí ẹsẹ̀ Baba Ìbejì.

“Ẹ bá wa jù ú o, sà!” ni Tata pè.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e. Ó gbé e sókè orí, ó húkọ́ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì jù ú. Kò lọ jìnnà. Ó balẹ̀, ó ta lẹ́ẹ̀mejì, Tata sì sáré wá gbé e.

“Ẹ ṣé é, sà,” ló wí, ó sì ti sáré lọ.

Ọkùnrin náà kò tètè kúrò níbẹ̀. Ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó yíjú sí ibi tí àwọn òǹwòran máa ń jókòó sí, ó sì rọra tẹ orí ba, ó ń retí àtẹ́wọ́.